Bí ẹ ṣe máa lọ wo ihò iyọ̀ Wieliczka lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí wàhálà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Pólàńdì fún ilé ìwé, àtẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ máa ń rí flight olówó pọ́ọ́kú lọ sí Kraków, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: ṣé ihò iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Wieliczka yẹn ṣeé lọ lọ́jọ́ kan ká sì padà, tìkẹ́ẹ̀tì wo la máa rà, ṣé màámi lè tẹ̀ lé wa? Ó ṣeé lọ dáadáa. Abẹ́ ilẹ̀ gan-an ò le, gáìdì ló máa kó yín kiri látìbẹ̀rẹ̀ dópin, iná wà, afẹ́fẹ́ wà, kódà ilé oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ohun tó máa ń ba ọjọ́ náà jẹ́ fáwọn èèyàn, òkè níbí ló ti ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó wọlẹ̀ rárá: físà, tìkẹ́ẹ̀tì, bàtà, orúnkún. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Fún ẹni tí ò tíì gbọ́ ọ rí: ìlú kékeré ni Wieliczka, bíi kìlómítà 14 sí Kraków. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi wa iyọ̀ níbẹ̀. Ihò náà wọlẹ̀ tó mítà 327, àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 240, àmọ́ kìlómítà 3 ààbọ̀ péré lẹ máa rìn, ẹ ò sì ní kọjá mítà 135 sísàlẹ̀. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní aráyé láti 1978. Ìtàn tó kù, gáìdì á sọ ọ́ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú méjì yìí: físà àti orúnkún

Físà ná. Ẹni tó bá ń gbé ní UK tàbí Ireland pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ gbọ́ o, ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún yín níbẹ̀ kì í mú èèyàn wọ Pólàńdì. Físà Schengen, ìyẹn físà kan tí Pólàńdì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lẹ máa gbà, bó ti wù kó jẹ́ ọjọ́ méjì péré lẹ fẹ́ lò. Tó bá ku oṣù 6 kẹ́ ẹ rìnrìn àjò lẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí wọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ má ra tìkẹ́ẹ̀tì bàálù olówó pọ́ọ́kú tí wọn ò lè dá owó rẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó rí físà, torí ní pápákọ̀ òfurufú Stansted tàbí Luton ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti dá yín padà sílé. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù UK ò nílò físà fún ìrìn kúkúrú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ti ní káàdì ìgbélùú Pólàńdì, ẹ fo apá yìí jàre.

Ó kan orúnkún. Àtẹ̀gùn tó wà nínú ìrìn yẹn lápapọ̀ tó 800. Nínú ẹ̀, 380 ni wọ́n á kí yín káàbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: àtẹ̀gùn onígi, kúkúrú kúkúrú, tó ń yí po títí ẹ ó fi dé mítà 64 nísàlẹ̀. Líìfútì lẹ máa gbà gòkè níparí, torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn á ní "ṣebí ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni". Orúnkún àgbà ò mọ̀yẹn o. Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń dùn wọ́n jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú màmá tàbí bàbá dání, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ lè rìn", torí wọ́n á ní "mo lè rìn, kí ló ṣe mí?" kí ìrìn àjò yín má baà bàjẹ́. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà ṣé wọ́n lè ti orí ilé alájà ogún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tún wá rìn fún wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ ti rí ìdáhùn. Ọ̀nà àbáyọ wà: àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ lè fi líìfútì gbé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì mú un gba apá tó ṣeé gbà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ email sí wọn ṣáájú. Ẹ má dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó máa ṣàlàyé.

Ẹni tó ní ìṣòro ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù: ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti ikọ́ fée ò tó yẹn, afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n ní ibi ìtọ́jú àwọn tí èémí ń ṣe ní mítà 135 nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú inhaler yín dání, torí àtẹ̀gùn ni àtẹ̀gùn ń jẹ́.

Tìkẹ́ẹ̀tì: ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má ṣì wọ́n gbé

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ ni wọ́n ń ta tìkẹ́ẹ̀tì fún, ẹnu ọ̀nà wọn ò sì pa pọ̀.

- Ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò (Trasa Turystyczna). Ibi kànga Daniłowicz lẹ ti máa wọlẹ̀ (kì í ṣe kànga omi o, ihò tó lọ tààrà sísàlẹ̀ ni). Òun ló ní àtẹ̀gùn 380, òun ló ní àwọn adágún omi abẹ́ ilẹ̀, òun ló sì ní ṣọ́ọ̀ṣì Kinga Mímọ́, ìyẹn gbọ̀ngàn ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, tí fìtílà tó rọ̀ sókè, ère, pẹpẹ àti ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ fi jẹ́ iyọ̀.
- Ọ̀nà àwọn awakùsà (Trasa Górnicza). Ibi kànga Regis lẹ ti máa wọlẹ̀. Wọ́n á fún yín láṣọ iṣẹ́, akoto, iná orí, ẹ̀yin náà á sì ṣe iṣẹ́ díẹ̀ bí awakùsà. Ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì Kinga níbẹ̀. Ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 10 ò lè lọ.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, Trasa Turystyczna ni kẹ́ ẹ rà, kò sí àríyànjiyàn. Ti awakùsà dùn, pàápàá fáwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn jágajàga, àmọ́ ẹni tó bá torí ṣọ́ọ̀ṣì iyọ̀ wá, tó wá bá ara ẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ pẹ̀lú iná lórí, inú ẹ̀ ò ní dùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rà á:

1. Ẹ wọ sáìtì ibi ìwakùsà náà fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń dá èèyàn dúró ní gbàgede Rynek ní Kraków náà ń tà á, ṣùgbọ́n owó mọ́tò àti èrè wọn ti wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá gbé yín ní hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n sì dá yín padà, kò burú, ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún nìyẹn.
2. Ẹ mú èdè. Gáìdì Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Polish wà, ti Jámánì wà àti mélòó kan sí i. Èdè tẹ́ ẹ bá mú ló máa sọ aago tẹ́ ẹ máa wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Polish díẹ̀ máa ń mú ti Polish torí owó ẹ̀ dín. Tí "dzień dobry" (ẹ káàárọ̀) nìkan lẹ bá mọ̀, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ o, wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ láti fi máa rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo èèyàn bá rẹ́rìn-ín.
3. Ẹ mú aago. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ọ̀sán tó ti ń lọ sírọ̀lẹ́ ló dáa, èrò kì í pọ̀ tó ti aago 11 sí 2. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, July àti August, ẹ rà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.
4. Ẹ múra owó. Tìkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà fún gáìdì Gẹ̀ẹ́sì lé ní 100 złoty, owó Pólàńdì. Ẹ̀dínwó wà fáwọn ọmọdé àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú káàdì ilé ìwé dání, torí fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù lè dá wàhálà sílẹ̀.
5. Ẹ ka òfin ìdápadà owó kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kẹ́ ẹ sì ju tìkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kí network má baà já yín sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀ àtohun tẹ́ ẹ máa gbé

Nísàlẹ̀, bíi 17 sí 18 °C ló máa ń wà, òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o. Ìyẹn ò tutù tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láàárín àwọn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì fi singlet wá nínú oòrùn July á máa gbọ̀n kí wọ́n tó dé ìdajì. Nígbà òtútù, ìdàkejì ni: òkè á ti di yìnyín, jákẹ́ẹ̀tì ńlá yín á wá di ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé kọ́pá kiri.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ fẹ́ wọ ìró àti bùbá torí fọ́tò inú ṣọ́ọ̀ṣì iyọ̀, mo mọ̀ pé ó máa ń rẹwà, ṣùgbọ́n etí ìró lórí àtẹ̀gùn onígi, tí ẹlòmíì tún ń bọ̀ lẹ́yìn, kò dáa. Ẹ wọ ṣòkòtò tàbí kaba tí ò fa ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi gèlè sínú báàgì, ẹ lè wé e tẹ́ ẹ bá dé ibi tó tẹ́jú. Agbádá? Rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé:

- bàtà kánfáàsì tí abẹ́ ẹ̀ ò yọ̀ (kò sí bàtà gogoro, kò sí sílípáàsì)
- súwẹ́tà fẹ́lẹ́ kan
- báàgì kékeré: èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 35 × 20 × 20 lọ, wọn ò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀
- omi ìgò kékeré
- páspọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìgbélùú, káàdì ilé ìwé
- fóònù tó kún fún iná, torí wọ́n gbà kẹ́ ẹ ya fọ́tò
- oògùn tẹ́ ẹ máa ń lò

Àpótí ńlá ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí nínú lọ́kà ibùdó réluwéè Kraków. Ọmọ ìkókó, ẹ pọ̀n ọ́n tàbí kẹ́ ẹ fi báàgì ìgbọ́mọ gbé e sáyà. Kẹ̀kẹ́ ọmọ lórí àtẹ̀gùn 380, ẹ̀yin lẹ máa gbé kẹ̀kẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀ láti Kraków

Réluwéè ló rọrùn jù. Ọkọ̀ SKA1 ń gbéra láti Kraków Główny, ibùdó réluwéè ńlá ìlú náà, kò ju bíi ìṣẹ́jú 25 lọ. Ibùdó tó kẹ́yìn pátápátá lẹ ti máa bọ́, orúkọ ẹ̀ ni Wieliczka Rynek-Kopalnia. Ẹ má rí "Wieliczka" lára pátákó kan lọ́nà kẹ́ ẹ sáré bọ́, torí ibùdó mìíràn wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí ọkọ̀ ò fi ní lọ mọ́. Látibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, kò jìnnà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: réluwéè yẹn kan náà ló ń ti pápákọ̀ òfurufú Kraków bọ̀. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ láàárọ̀ láìní ẹrù, ẹ lè gba tààràtà.

Bọ́ọ̀sì 304 náà ń lọ, ibùdó Wieliczka Kopalnia Soli lẹ ti máa bọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Kraków, ẹ ṣọ́ra: káàdì oṣooṣù yín tó bá jẹ́ ti inú ìlú nìkan ò dé Wieliczka, zone míì nìyẹn. Àwọn tó ń yẹ tìkẹ́ẹ̀tì wò kì í fojú àlejò woni, owó ìtanràn wọn sì lè ju owó réluwéè àlọ àtàbọ̀ lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́ta mẹ́rin, Bolt tàbí Uber lè má wọ́n jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an, látìgbà tẹ́ ẹ bá dé

1. Ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú aago tó wà lórí tìkẹ́ẹ̀tì. Tí àwọn èèyàn yín bá ti wọlé, wọn ò ní dúró de ẹnì kankan, kò sí "mo ti wà ní junction".
2. Ẹ wo orúkọ kànga tó wà lórí tìkẹ́ẹ̀tì, Daniłowicz tàbí Regis. Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ló wà láàárín wọn.
3. Ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà lọ́nà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ò sì mọ̀yẹn.
4. Ẹ tò sí ìlà èdè yín. Ẹni tó bá wà lórí ìlà Polish pẹ̀lú tìkẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Wọ́n á yẹ báàgì wò, wọ́n á fún yín ní ohun èlò etí tẹ́ ẹ ó fi máa gbọ́ gáìdì. Ẹ dán an wò lókè kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.
5. Àtẹ̀gùn: ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ má wo àárín ihò sísàlẹ̀, torí yíyí po yẹn máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn. Ẹni tí ò yára kó wà lẹ́yìn pátápátá, kó má jẹ́ kí wọ́n máa tì í. Ẹ má ya fídíò níbẹ̀.
6. Tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ sinmi ẹsẹ̀ nígbà tí gáìdì bá ń sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bá ń ba ẹnì kan torí pé abẹ́ ilẹ̀ ni? Níbí ni kó ti sọ fún gáìdì, kó má dúró dé àárín ọ̀nà. Ojú ọ̀nà fẹ̀, àjà ga níbi tó pọ̀, ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.
7. Ẹ dúró ti àwùjọ yín. Gáìdì máa ń pa ilẹ̀kùn lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn, ọ̀nà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dá rìn.
8. Ṣọ́ọ̀ṣì Kinga Mímọ́: mítà 101 nísàlẹ̀ ló wà. Wọ́n á fún yín láyè díẹ̀ láti yà fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó ná. Ẹ lọ sí ògiri, ẹ wo Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Antoni Wyrodek gbẹ́ sára iyọ̀, ó jinlẹ̀ lójú débi pé ẹ máa rò pé yàrá kan wà lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ògiri lásán ni. Awakùsà lọkùnrin yẹn o, òun àti Józef Markowski àti Tomasz Markowski ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Lójú tèmi, ibí yìí nìkan ti tó owó tìkẹ́ẹ̀tì. Ibi ìsìn ṣì ni o, wọ́n ń ṣe Máàsì níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, torí náà ẹ bọ́ fìlà, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀.
9. Lẹ́yìn ìrìn náà, ẹ máa kan ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gáìdì ibi tí wọ́n ti ń gba líìfútì àti ìgbà tó máa gbéra kẹ́ ẹ tó jókòó jẹun. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ wà nísàlẹ̀ náà tẹ́ ẹ lè fi bíi wákàtí kan kún un. Tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro yín, ẹ fi sílẹ̀.
10. Líìfútì: ti awakùsà ni, kékeré, ó ṣókùnkùn, ó sì ń yára. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó ní Òṣòdì rí á mọ bí wọ́n ṣe máa tò yín. Kò pẹ́ rárá, ẹ ti dókè.

Tẹ́ ẹ bá jáde, kó má yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí i pé ibi tẹ́ ẹ wọlé kọ́ lẹ ti jáde. Nígbà míì kànga Regis ni wọ́n máa ń gbé àwọn èèyàn gbà sókè. Ẹni tó bá ní ẹni tó ń dúró dè é lókè kó sọ fún un ṣáájú, kí wọ́n má baà máa wá ara wọn kiri.

Àṣìṣe táwọn èèyàn wa máa ń ṣe

Èyí tó tóbi jù ni kí èèyàn ra Auschwitz (àgọ́ tí ìjọba Násì ti pa èèyàn rẹpẹtẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì) àti Wieliczka pa pọ̀ fún ọjọ́ kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn àjò ń tà á lóòótọ́, torí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ̀nà wọn, ẹsẹ̀ á wú, àtipé ohun tẹ́ ẹ máa rí ní Auschwitz kì í ṣe ohun téèyàn ń rí tán kó tún máa sáré lọ ya selfie lọ́sàn-án. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì. Tí ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ bá ní, ẹ mú ọ̀kan.

Ìkejì, lílá ògiri. Gáìdì lè ní kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ lè gbà pé iyọ̀ ni. Iyọ̀ ni, mo ti sọ fún yín. Ẹ rántí iye ọwọ́ tó ti kan ibẹ̀ ṣáájú ahọ́n yín. Àwọn ère ní tiwọn, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n rárá.

Ìkẹta, sìgá àti ohun tó ń gbaná. Èèwọ̀ ni nísàlẹ̀, vape náà ẹ fi sápò. Nínú ihò yẹn kan náà, gáìdì á fi ère àwọn tó máa ń fi ọ̀pá iná jó gáàsì methane dànù láyé àtijọ́ hàn yín, ẹ wá rò ó.

Ìkẹrin, kí èèyàn wá láìjẹun. Ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ni. Ẹ jẹun ní Kraków kẹ́ ẹ tó wá.

Tí Wieliczka ò bá ṣeé ṣe

Àwọn ọmọ yín kéré, ère ò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn? Ẹ lọ sí Bochnia, ihò iyọ̀ kejì, bíi kìlómítà 40 sí ìlà oòrùn Kraków. Èrò ò pọ̀ níbẹ̀ tó ti Wieliczka, réluwéè kékeré ń gbé èèyàn lábẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi wà, ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀ (slide) tó gùn tó mítà 140 náà wà. Gáìdì ni wọ́n máa ń fi lọ bákan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa àwọn kòtò góòlù ẹ̀gbẹ́ Iléṣà tàbí ti òkúta Ìjerò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Kò sí igi tó gbé àjà ró, kò sí gáìdì, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè ya lulẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ má wọ̀ ọ́ torí fídíò.

Ẹni tí físà Schengen ò bá bọ́ sí fún, tó wà ní UK, kó lọ sí Big Pit ní Blaenavon ní Wales. Ihò tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀ ni, mítà 90 ni wọ́n máa ń gbé yín lọ sísàlẹ̀, líìfútì ni àlọ, líìfútì ni àbọ̀, torí náà orúnkún màmá bọ́. Akoto àti iná orí dandan ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ awakùsà ló sì máa ń mú èèyàn kiri. Ẹ wo sáìtì wọn fún bí wọ́n ṣe ń gba orúkọ kẹ́ ẹ tó wakọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà o: torí gáàsì, ohunkóhun tó bá ní bátìrì ò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Fóònù, aago ọwọ́, vape, títí kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò onírìmóòtù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín lókè títí ẹ ó fi jáde. Fọ́tò yín, lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti yà á.